Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ru Èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni. Wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí kóòtù, wọ́n ti dá a lẹ́bi, èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ fi sí ẹ̀wọ̀n nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Àbújá, níbi àpérò kan lórí èdè àti ẹ̀kọ́ tí àjọ British Council pè, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ Ìjọba Àpapọ̀, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé Ìlànà Èdè tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ìlànà ti ọdún 2022 ni ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún gbogbo ọdún 6 tí yóò lò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìkéde ti ọdún 2025 ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ láti jéléósinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí Mínísítà fi lélẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí ní àlòjù ni ọmọ ti ń kùnà rẹpẹtẹ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

A gbọ́. A kò bá Mínísítà jà nítorí pé ó fẹ́ kí ọmọ wa mọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, a sì fẹ́ ẹ jù ú lọ, nítorí pé ọmọ tiwa ni. Ohun tí a bá a jà lé lórí ni pé ẹni tí kò jalè ni ó mú, tí ó sì jẹ́ kí olè gidi máa rìn ní ìgboro.

KÍ A KA ỌDÚN LÓRÍ ÌKA

Ọmọ tí ó jókòó fún ìdánwò WAEC ní ọdún 2025 ti lo ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún 3 ní girama kékeré, ọdún 3 ní girama àgbà. Ọdún 12 gbáko ni. Bí kò bá tún kíláàsì kankan ṣe, ọdún 2013 ni ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí Ìlànà Èdè ní ìparí ọdún 2022, ọmọ yìí ti wọ girama àgbà. Ìlànà náà kò kàn án rárá. Ọmọ tí ó sì wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìlànà náà jáde, kíláàsì kẹta ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí wọ́n fagi lé e. Ó ku ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó fi ojú kan ìdánwò WAEC.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Bí ènìyàn bá gbin àgbàdo ní ọdún yìí, ǹjẹ́ a lè tìtorí ìyàn ọdún tí ó kọjá fa àgbàdo náà tu kí ó tó yọ ọmọ?

Wọ́n lè ní kì í ṣe ìlànà ti ọdún 2022 nìkan ni àwọn ń bá wí. Ó dára. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1977 ti sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tó wá gba iṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni. Láti ìgbà náà, ní gbogbo girama tí ó wà ní Òkè-Ògùn yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń béèrè ìbéèrè ìdánwò. Bí ọmọ bá kùnà lẹ́yìn tí a ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀, báwo ni ẹ̀bi ṣe di ti Yorùbá?

IBI TÍ BÀTÀ TI Ń TA Á LẸ́SẸ̀

Kí a má ṣe máa sọ̀rọ̀ ní àsọdànù. Ẹ jẹ́ kí a wọ kíláàsì lọ wo ìwé ọmọ náà. Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni, ní girama kékeré. Wọ́n ní kí ó kọ àròkọ lórí ohun tí ó ṣe ní àná. Ó kọ ọ́ báyìí: “Yesterday I go to farm.” Ní ìsàlẹ̀, ó kọ pé: “I did not saw my brother.” Nígbà tí ó yá, ó tún kọ pé: “I have gone to Iseyin last week.” Olùkọ́ fi bírò pupa fa ìlà sí gbogbo rẹ̀, ó kọ “wrong tense” sí etí ìwé, ó fún un ní máàkì méjì nínú mẹ́wàá. Ọmọ náà gba ìwé rẹ̀. Kò mọ ohun tí ó ṣe. Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ yóò tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí a ní láti sọ: ọmọ yìí kì í ṣe olódo. Òfin ni ó tẹ̀lé. Òfin èdè Yorùbá ni ó tẹ̀lé láìmọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó jókòó tì í láti fi hàn án pé òfin Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀.

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í pààrọ̀ ẹ̀wù nítorí àsìkò. “Lọ” ni lánàá, “lọ” ni lónìí, “lọ” náà ni lọ́la. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń sọ bí iṣẹ́ náà ti rí: mo lọ, mo ń lọ, mo ti lọ, mo máa ń lọ, n ó lọ. Bí a bá sọ pé “mo lọ sí oko” láìfi ohunkóhun kún un, gbogbo ayé mọ̀ pé lílọ náà ti kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé “mo mọ ọ̀nà”, mímọ̀ ti ìsinsìnyí ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì ṣe ìhòòhò bákan náà. Ọ̀kan wà ní àná, èkejì wà ní òní. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ girama wa fi pe àsìkò yìí ní afànámónìí: ó fa àná mọ́ òní. Orúkọ náà ti tú gbogbo àṣírí. Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀-ìṣe ya àná kúrò lára òní. Gẹ̀ẹ́sì yà á, ó sì ṣe ọgbà sí àárín wọn.

Ẹ wá wo àṣìṣe mẹ́ta tí ọmọ yìí ṣe, kí ẹ sì rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdí.

Èkíní: “Yesterday I go to farm.” Yorùbá rẹ̀ ni “Lánàá, mo lọ sí oko.” Ọmọ ti wí pé lánàá. Lójú tirẹ̀, ó ti sọ àsìkò, ó ti tán. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì kì í gba èyí: bí o tilẹ̀ ti dá ọjọ́ náà lórúkọ, o gbọ́dọ̀ tún fi àmì rẹ̀ sí ara ọ̀rọ̀-ìṣe, kí “go” di “went”.

Èkejì: “I did not saw.” Ọmọ tí ó kọ èyí ti gbìyànjú. Ó ti há a sórí pé “see” a máa di “saw” bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá. Ohun tí a kò sọ fún un ni pé “did” ti gbé ẹrù àsìkò náà sí orí tirẹ̀. Ẹrù kan ni, orí kan ni yóò rù ú. Bí “did” bá ti rù ú, ọ̀rọ̀-ìṣe a sọ ẹrù kalẹ̀, a sì padà sí bí a ti bí i: “did not see”. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni bí a bá fi Yorùbá sọ ọ́. A lè fi ọdún mẹ́ta sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ tí kò tí ì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má sì yé e.

Ẹ̀kẹta: “I have gone to Iseyin last week.” Èyí ni ó ṣòro jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí sì ni a kì í ṣàlàyé rárá. “Ti” wa lè bá ọjọ́ tí ó kọjá jókòó pọ̀ láìjà: “Mo ti lọ sí Ìsẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.” Kò sí ẹni tí yóò bá wa wí. Ọmọ náà sì ti kọ́ pé “ti” ni “have”. Ṣùgbọ́n “have gone” ti Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ kí a dá ọjọ́ tí ó ti parí lórúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Bí o bá ti sọ pé “last week”, “went” ni o gbọ́dọ̀ lò. Olùkọ́ tí kò bá fi “ti” àti “have” sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pátákó, kí ó sì fi ibi tí wọ́n ti pín yà hàn, kò lè wo àìsàn yìí sàn, àfi kí ó máa na aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ etí náà ń bẹ níbẹ̀. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, àyàfi bí ó bá jẹ́ aránmúpè. Ìdí nìyí tí a fi sọ “bread” di búrẹ́dì, tí a sọ “school” di súkúù, tí a sì sọ “belt” di bẹ́líìtì. Nígbà tí olùkọ́ bá wí pé “walked”, ìró k àti ìró t ni ó so pọ̀ ní ìparí rẹ̀. Etí tí a fi Yorùbá tọ́ gbọ́ k, ó sì jẹ́ kí t bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kọ ọ́ ní “-ed”, bẹ́ẹ̀ sì ni ìró mẹ́ta ni “-ed” yìí ń jẹ́: ìró t ni nínú “walked”, ìró d ni nínú “weighed”, sílébù odindi kan sì ni nínú “planted”. Ohun tí etí kò gbọ́, báwo ni ọwọ́ yóò ṣe kọ ọ́? Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé etí ọmọ wa di. Ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín igba tí a ń kà, igbá tí a fi ń bu omi, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, àti ìgbà tí í ṣe àkókò, etí rẹ̀ mú. Ẹni tí yóò tọ́ka sí ibi tí yóò kọ etí sí ni ó ń wá.

OHUN TÍ A Ń ṢE NÍSINSÌNYÍ

Kí ni a ń ṣe dípò àlàyé? Ọmọ a dìde dúró, a máa ké “go, went, gone, see, saw, seen” bí ẹni ń kọrin, títí aago yóò fi lù. Ó lè kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìṣìnà, kí ó sì jókòó kọ “Yesterday I go”. Orin ni ó mọ̀. Kò mọ iṣẹ́ tí orin náà ń ṣe.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan tún wà tí ọmọ kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ Yorùbá nínú ọgbà wọn. Bí ó bá sọ ọ́, a gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kí a gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èso ìwà yìí hàn kedere: ọmọ tí kò tí ì lè fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìbéèrè, tí a sì ti kà á léèwọ̀ fún un láti fi Yorùbá béèrè, yóò pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹnu tí ó pa mọ́ kò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ìtanràn náà wá ń jáde láti inú àpò bàbá tí ó ta ègé àti ẹ̀gúsí kí ọmọ rẹ̀ lè mọ̀wé.

A kò ka gbogbo èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ olùkọ́. Bí wọ́n ti kọ́ olùkọ́ ni òun náà ń kọ́ni. Wọ́n fún un ní kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́, wọ́n fún un ní ìwé tí a kọ bí ẹni pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kà á, lẹ́yìn náà ni wọ́n wí fún un pé ọ̀tá iṣẹ́ rẹ̀ ni èdè kan ṣoṣo tí òun àti ọmọ náà jọ gbọ́ dáadáa. Ẹni tí ó so olùkọ́ ní ọwọ́ kan ni kí a bá wí. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

BÍ Ó TI YẸ KÍ A ṢE É

Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú Yorùbá. Kí ó ní kí ọmọ kan ròyìn ohun tí ó ṣe ní àná ní èdè ara rẹ̀: mo jí, mo lọ sí oko, mo wa iṣu, mo gé igi, màmá mi ta òrí. Kí ó ní kí gbogbo kíláàsì yọ ọ̀rọ̀-ìṣe inú ìròyìn náà jọ. Kí ó bi wọ́n pé: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yí padà nítorí pé àná ni? Wọn yóò dáhùn pé rárá. Nígbà náà ni kí ó wí fún wọn pé: ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn a máa yí padà, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n sì ń gbà yí.

Kí ó ya agbọ̀n mẹ́rin sí ojú pátákó. Nínú agbọ̀n kìn-ín-ní ni àwọn tí ó ń so “-ed” mọ́ ìdí: plant, planted, weigh, weighed, walk, walked. Kí wọ́n pè é jáde lẹ́nu, kí etí gbọ́ ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a sọ lókè. Nínú agbọ̀n kejì ni àwọn tí inú wọn ń yí: dig, dug, grow, grew, sell, sold, buy, bought. Nínú agbọ̀n kẹta ni àwọn tí kì í yí rárá: cut, put, cost, hit. Kí olùkọ́ fi ẹ̀rín wí fún wọn pé àwọn wọ̀nyí ń ṣe bí ọmọ Yorùbá. Inú ọmọ yóò dùn, kò sì ní gbàgbé. Nínú agbọ̀n kẹrin ni àwọn tí ó pààrọ̀ ara pátápátá: “go” tí ó di “went”, àti “be” tí ó di “was” àti “were”. Kí ó sọ ìtàn fún wọn pé “went” kì í ṣe ọmọ “go” látilẹ̀wá: ọ̀rọ̀ mìíràn ni, “wend”, tí ó ni ín ní àtijọ́, “go” ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní ìtàn àti wàhálà tirẹ̀, pé kì í ṣe ọ̀run ni ó ti bọ́.

Lẹ́yìn èyí, kí ìròyìn àná náà di ti Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ní Ìsẹ́yìn, kí ọmọ ahunṣọ ròyìn aṣọ òkè tí wọ́n hun. Ní Ṣakí, kí ọmọ olórìí ròyìn bí a ti ṣe òrí. Kí a fi ẹnu sọ ọ́ kí a tó fi ọwọ́ kọ ọ́. Bí òye bá ti wọlé, kí Gẹ̀ẹ́sì gba kíláàsì náà. Yorùbá yóò ti ṣí ilẹ̀kùn tán, yóò yà sí ẹ̀gbẹ́.

A TI RÍ ÈYÍ RÍ

Kì í ṣe àlá ni a ń lá. Láti ọdún 1970 dé 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì sí ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ mìíràn lo Yorùbá fún ọdún 3, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ti ilé-ẹ̀kọ́ yòókù. Nígbà tí a wọn àwọn méjèèjì, àwọn tí ó lo Yorùbá fún ọdún 6 ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Fafunwa yìí kan náà di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990. A kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀.

Bí ẹnìkan bá wí pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dára ni ó ran àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ lọ́wọ́, a ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Èdè ilé tí ó fi ìdí múlẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ iṣẹ́: ohun méjèèjì ni a ń béèrè. Ìkéde ti Àbújá gba èkíní lọ́wọ́ wa.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 1000, nígbà tí èdè Látìn jẹ́ èdè ìwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ wọn, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Ælfric kọ ìwé girama Látìn fún àwọn ọmọdékùnrin. Èdè wo ni ó fi ṣàlàyé Látìn náà? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ni, èdè tí àwọn ọmọ ń sọ ní ilé. Òyìnbó mọ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn pé èdè tí a gbọ́ ni a fi ń kọ́ èdè tí a kò gbọ́. Àwọn ará Ṣáínà mọ̀ ọ́n títí di òní: ọ̀rọ̀-ìṣe tiwọn náà kì í yí padà nítorí àsìkò, bí ti Yorùbá, síbẹ̀ èdè wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò sì sí ẹni tí ó ń fi ojú òpè wò wọ́n.

Kí a padà sí ilé. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn ní agbègbè Ìsẹ́yìn ni, ọmọ Òkè-Ògùn yìí gan-an. Wọ́n kó o lẹ́rú ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, ó sì balẹ̀ sí Freetown, níbi tí ó ti kọ́ ìwé. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ibi pé a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ǹjẹ́ ó sọ Yorùbá rẹ̀ nù kí ó tó mọ Gẹ̀ẹ́sì? Ní ọdún 1843 ni ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú girama rẹ̀ jáde, tí ó gbé èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ẹni tí ó mọ ọ̀kan lè mọ èkejì. Ìṣẹ́ tí ọmọ Òṣoògùn ṣe ní èyí tí ó ju ọgọ́sàn-án ọdún lọ, òun ni wọ́n ń sọ fún olùkọ́ Ìsẹ́yìn lónìí pé kí ó má ṣe.

OHUN TÍ ÀWỌN BÀBÁ Ń WÍ

A mọ̀ pé bàbá kan yóò wí pé: “Yorùbá ń bẹ nílé, ọ̀fẹ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sanwó fún. Ẹ kọ́ ọmọ mi ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi Yorùbá sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀.” Bàbá, òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá Gẹ̀ẹ́sì náà ni ẹ ń rí gbà. Láìní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ kò lè wọ yunifásítì. Bí ó bá lo ọdún 12 tí kò sì mọ ìdí tí a fi ń sọ “did not see”, owó yín ti ṣòfò, kì í ṣe nítorí pé a fi Yorùbá kọ́ ọ, bí kò ṣe nítorí pé a kò fi èdè kankan ṣàlàyé fún un. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹrù Gẹ̀ẹ́sì, òṣùwọ̀n tí ọmọ mọ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọmọ Fúlàní àti ọmọ Ìbàrìbá wà nínú kíláàsì wa, àti ọmọ àwọn tí ó wá ṣe iṣẹ́ oko láti ìlú jíjìn. Ó tọ́ kí a ro tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi Yorùbá tajà tí wọ́n sì ń fi í ṣeré pẹ̀lú ọmọ wa. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, kí olùkọ́ bi í bí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ àná ní èdè tirẹ̀, kí a sì kọ èyí náà sí pátákó. Ọgbọ́n kan náà ni: kí ọmọ gbé ohun tí ó mọ̀ wá.

Àwọn mìíràn ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàlàyé girama. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé wa dé ibí yìí ti rí ọ̀rọ̀-ìṣe, àsìkò, sílébù àti afànámónìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé girama Yorùbá jáde ní ọdún 1966, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì tẹ tirẹ̀ ní ọdún 1978. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ìfẹ́ láti lò ó ni ó wọ́n.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ju 800,000 ọmọ lọ ni ó sì wọlé ní ọdún náà. Ọjọ́ náà ni ọmọ àgbẹ̀ tó wọ inú ọgbà. Ṣùgbọ́n wíwọ inú ọgbà yàtọ̀ sí gbígbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé. Ìjà tí ó kù nìyí.

Lọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀, a ń béèrè pé kí a dá Ìlànà Èdè padà, kí ó lo ọdún tí ó yẹ kí ó tó gba ìdájọ́.

Lọ́wọ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí girama wa wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, a ń béèrè pé kí a kọ̀wé sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn pé olùkọ́ tí ó fi Yorùbá ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì kò rú òfin kankan, àti pé owó ìtanràn lórí èdè abínibí kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Kí a fún wa ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Kí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, yálà ní Lánlátẹ̀ tàbí ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Emmanuel Alayande ní Ọ̀yọ́, ka girama Yorùbá pẹ̀lú, kí ó lè mọ ibi tí ọmọ ti ń bọ̀ kí ó tó fi ọ̀nà hàn án.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ gbé lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní sáà yìí. Ǹjẹ́ ẹ ń ṣàlàyé àṣìṣe ọmọ mi fún un, àbí ìlà pupa nìkan ni ẹ ń fà? Ṣé ọmọ mi lè fi Yorùbá béèrè ohun tí kò yé e? Ẹ wo ni ó ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga?

Ẹ̀yin ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ yan ẹni méjì tí yóò bá àwọn òbí lọ, kí ẹ sì kọ èsì tí ẹ bá gbà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa. Kí ẹ lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A kò lọ bá olùkọ́ jà. A lọ tú ọwọ́ rẹ̀ ni.

Àwọn àgbà wa wí pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀ọ́n mọ́. Wọ́n ti ń ta èdè wa lọ́pọ̀ ní Àbújá, wọ́n sì ń sọ fún wa pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi owó rẹ̀ rà. Gẹ̀ẹ́sì náà kò dé. Àwọn ọmọ ṣì ń kọ “Yesterday I go”, olùkọ́ ṣì ń fa ìlà pupa, àgbẹ̀ ṣì ń ta ẹ̀gúsí láti san owó WAEC lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Sáà tuntun kò ní pẹ́ wọlé. Ẹ mú ìbéèrè mẹ́ta náà dání, kí ẹ lọ sí ilé-ìwé ọmọ yín.